Bí ilé-iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ fún yín bá ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe

Ohun tó sábà máa ń mú kí oní-mọ́tò pàdánù irú ẹjọ́ yìí ni pé ó ń wa ọkọ̀ lọ lẹ́yìn tó ti rí i pé nǹkan ti yí padà. Ẹ́ńjìnnì tó ń dún lódì lónìí, bí wọ́n bá tún fi rin 100 kìlómítà, á bàjẹ́ débi pé kò ní sẹ́ni tó máa lè mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà á sì rí ohun tí wọ́n máa sọ: "Ẹ̀yin lẹ wà á lọ bẹ́ẹ̀." Torí náà, iṣẹ́ méjì ló wà níwájú yín. Ẹ dá ìbàjẹ́ náà dúró síbi tó dé, kí ẹ sì kó ẹ̀rí tó so ó mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn jọ kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan kan. Òfin ibi kọ̀ọ̀kan lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì yìí ṣe pàtàkì níbi gbogbo.

1. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà

Tí iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì bá tàn, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ máa dé ilé ná. Ọ́ìlì tó ń fi agbára ṣàn ni kì í jẹ́ kí bẹ́ríńnì kráńkì, ìyẹn ibi tí ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì jókòó lé, fi irin kan irin. Bí agbára yẹn bá ti lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti run bẹ́ríńnì, nígbà míì kì í tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan. Bákan náà ni kẹ́ ẹ ṣe tí ọwọ́ géèjì ooru bá wọ ibi pupa, tí ẹ́ńjìnnì bá ń kan kọ̀-kọ̀-kọ̀ tó sì ń yára sí i bí ẹ ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, tàbí tí èéfín funfun tó nípọn ń jáde ní sàlẹ́ńsà tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná.

Iná ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ìyeyè ní tiẹ̀ ní ìpele méjì. Tó bá tàn tó dúró sójú kan, tí kò sí àmì míì, ẹ lè rọra wà á dé ibi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ń ṣẹ́jú, sílíńdà kan ò jóná dáadáa nìyẹn, epo tí kò jó ń wọ inú sàlẹ́ńsà lọ, ó sì lè yọ́ catalytic converter, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ èéfín di mímọ́ ní ọ̀nà sàlẹ́ńsà. Ẹ dúró.

Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbé e. Ẹ tọ́jú risíìtì rẹ̀, torí owó yẹn wà lára ohun tí ẹ máa béèrè. Tó bá gbóná jù, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí tó fi máa tutù pátápátá.

2. Ẹ̀rí tí ẹ lè kó fúnra yín láìtú nǹkan kan

Ẹ ya fọ́tò iye kìlómítà tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ fi í wéra pẹ̀lú iye tí wọ́n kọ sínú ìwé nígbà tí wọ́n gbà á àti nígbà tí wọ́n dá a padà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ ló máa fi hàn bí ọkọ̀ náà ṣe rìn tó lẹ́yìn iṣẹ́ wọn, bó bá sì ṣe kéré tó ni ọ̀rọ̀ yín ṣe lágbára tó.

Ẹ yọ géèjì ọ́ìlì, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì. Kí ọkọ̀ wà níbi tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì sì ti kú fún bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ fi tíṣù funfun nù ún, ẹ tì í wọlé padà, ẹ tún yọ ọ́, ẹ ya fọ́tò géèjì náà àti tíṣù náà pa pọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bíi lítà 1 ló wà láàárín àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Bí ọ́ìlì bá fi bí i lítà kan kọjá àmì òkè, kráńkì lè máa lù ú títí tó fi máa hó bí ọṣẹ, ọ́ìlì tó ń hó kò sì ní agbára láti gbé bẹ́ríńnì. Bó bá dà bíi mílíìkì tàbí tíì oní-mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ìda funfun díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan ò tó ẹ̀rí o. Òógùn inú ẹ́ńjìnnì máa ń fa ìyẹn lára ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà. Ti ara géèjì ni kẹ́ ẹ wò.

Tí iná ọ́ìlì, ooru àti ìró kọ̀-kọ̀-kọ̀ kò bá sí nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ ya fídíò nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ fídíò kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́, kí àwọn iná dáṣíbọ́ọ̀dù hàn, kí ẹ wá gbé fóònù sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ìdí sàlẹ́ńsà. Ìṣẹ́jú kan tó. Èéfín búlúù jẹ́ ọ́ìlì tó ń jó, dúdú jẹ́ epo tó pọ̀ jù, funfun tó ń ta òórùn dídùn jẹ́ coolant, ìyẹn omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù.

Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ síkáànù ka àwọn kóòdù tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ihò rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ẹ ya fọ́tò kóòdù kọ̀ọ̀kan àti freeze frame, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí ooru, eré àti ẹrù ẹ́ńjìnnì ṣe rí lásìkò tí kóòdù náà wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò: readiness monitors, ìyẹn àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń ṣe fúnra rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá dá ọkọ̀ padà fún yín tí púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ṣì wà ní "not ready", ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti pa kóòdù rẹ́ tàbí ó ti tú bátìrì láìpẹ́ yìí. Kò burú lẹ́yìn àtúnṣe ńlá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ pé kò sí iná kankan tó tàn nígbà tí wọ́n dán an wò, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa bi wọ́n.

Lórí ìwé: ìwé iṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ gbé e wá, iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé e, risíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́. Bí wọ́n bá pè yín lórí fóònù, ẹ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí wọn lẹ́yìn ìpè náà: "Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ lónìí, ẹ ní…" Bí wọn ò bá ta kò ó, ó di àkọsílẹ̀.

3. Ibi tí iṣẹ́ wọn ti lè wọ́: ẹ fi àmì àìsàn náà wé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bàjẹ́ lẹ́yìn àtúnṣe ni àtúnṣe náà fà. Tí wọ́n bá pààrọ̀ bíréèkì tí alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì, wá kú lọ́sẹ̀ kejì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá ni ọ̀nà tí ọwọ́ wọn gbà dé ibi tó bàjẹ́.

Ọ́ìlì àti fílítà. Iṣẹ́ kékeré yìí ti pa ẹ́ńjìnnì púpọ̀. Nígbà tí wọ́n bá tú fílítà àtijọ́, rọ́bà tó yí ẹnu rẹ̀ ká lè lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Bí mẹkáníìkì ò bá fi ọwọ́ kàn án wò, á de fílítà tuntun lé e lórí, rọ́bà á di méjì. Ó lè dì í mú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n bí agbára ọ́ìlì bá ga, rọ́bà kan á yẹ̀, ọ́ìlì á sì tú jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí fílítà náà bá ṣì wà lára ọkọ̀, ẹ ní kí wọ́n tú u níṣojú ẹ̀rọ fídíò. Bó bá jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ẹ máa rí rọ́bà méjì níbẹ̀. Òmíràn ni bóòtì ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì nù, tí wọn ò dè dáadáa tàbí tí wọ́n dè jù títí tí eyín inú ihò alumíníọ̀mù fi já.

Gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn ohun tó dí àárín bíláọ̀kù ẹ́ńjìnnì àti tọ́ọ̀pù, irin tó bo sílíńdà lórí. Àṣìṣe máa ń pọ̀ níbí, ibí náà sì ni risíìtì ti máa ń tú àṣírí. Tọ́ọ̀pù tí wọ́n tú nítorí pé ẹ́ńjìnnì gbóná jù gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò títẹ́: wọ́n á gbé irin títọ́ lé e, wọ́n á sì fi feeler gauge, ìyẹn àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe nípọn tó, wọn àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ààlà tí olùṣe ọkọ̀ máa ń fún un kéré gan-an, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín mìlímítà 0.05 sí 0.1. Ojú lásán ò lè rí i. Bó bá ti ká, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ fá a lórí ẹ̀rọ. Ní ti bóòtì tọ́ọ̀pù, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní ló ń lo irú èyí tó máa ń fà gùn bí wọ́n bá dè é, olùṣe ọkọ̀ sì ní kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sábà ń dè é, ní ìpele-ìpele, ìpele ìkẹyìn sì máa ń jẹ́ ti ìwọ̀n ìyípo, bíi dígírì 90.

Nítorí náà, ẹ ka risíìtì yín. Ṣé bóòtì tuntun wà níbẹ̀? Ṣé owó àyẹ̀wò tàbí fífá tọ́ọ̀pù wà níbẹ̀? Ọ́ìlì tuntun àti fílítà ńkọ́? Coolant tuntun ńkọ́? Bí ìwé ìtọ́ni olùṣe bá ní bóòtì tuntun ni kí wọ́n lò, tí risíìtì ò sì ní in, wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ẹ̀rí fún yín.

Ohun méjì míì tún wà níbẹ̀ tí kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan máa ń fi páádì oníyanrìn tó ń yí bírí-bírí fọ ojú bíláọ̀kù kó lè yá. Eruku rẹ̀ le ju bẹ́ríńnì lọ. Ó máa ń bá ọ́ìlì kiri, á sì jẹ bẹ́ríńnì tán. Ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé gáskẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n pààrọ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí kan níwọ̀nba kìlómítà díẹ̀ lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èkejì ni gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n fi pọ̀ jù: èyí tó yọ sínú á já, á lọ dí asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì.

Bẹ́lìtì tàbí ṣéènì táímìnì. Bí eyín kan péré bá fò, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, kò ní lágbára, kóòdù P0016 sì sábà máa ń wọlé, èyí tó ń sọ pé kráńkì àti káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) ò bára mu. Nínú ẹ́ńjìnnì tí písítìnì àti fáàfù ti ń pín àyè kan náà lò, bó bá fò jù bẹ́ẹ̀ lọ, fáàfù á tẹ̀.

Omi tí wọ́n dà láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde máa ń mú kí ọkọ̀ gbóná kí ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru sì máa fẹ́ atẹ́gùn tútù. Ọ̀pá rọ́bà afẹ́fẹ́ tí wọn ò dá padà tàbí gáskẹ́ẹ̀tì ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí kò jókòó dáadáa máa ń mú kóòdù P0171 wá, èyí tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Wáyà ilẹ̀ tí wọ́n gbàgbé láti dè máa ń fa oríṣiríṣi iná tí kò bára tan. Àwọn wọ̀nyí kì í gba àsìkò láti tún ṣe, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ yín fún un.

4. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì míì fún àyẹ̀wò, kì í ṣe fún àtúnṣe

Ẹ sọ fún un kó yé e yékéyéké: kó wọn nǹkan, kó má tú nǹkan. Bó bá tú tọ́ọ̀pù kí ilé-iṣẹ́ náà tó rí i, wọ́n á sọ pé òun ló bà á jẹ́. Yíyọ púlọ́ọ̀gì, síso géèjì àti fífi kámẹ́rà kékeré wo inú sílíńdà kì í ṣe títú, wọn ò ba ohunkóhun jẹ́. Ẹ ní kó ṣe àwọn wọ̀nyí, gẹ́gẹ́ bí àìsàn rẹ̀ bá ṣe rí.

Compression test, tó ń wọn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra tó: gbogbo púlọ́ọ̀gì jáde, wọ́n pa epo àti iná púlọ́ọ̀gì, wọ́n ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ pátápátá, bátìrì sì kún. Ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù tó dára sábà máa ń fún ní nǹkan bíi 120 sí 200 psi, ìyẹn ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ tàbí ọ́ìlì ṣe ń tì tó, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe súnmọ́ra ló ṣe pàtàkì jù: èyí tó kéré jù kò gbọ́dọ̀ kéré sí ìdá 75 nínú 100 èyí tó ga jù. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: sílíńdà 1 fún ní 175, ìkejì 60, ìkẹta 65, ìkẹrin 170. Méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ló kú pa pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé gáskẹ́ẹ̀tì ti já láàárín wọn. Bí gbogbo wọn bá kéré bákan náà, ẹ fura sí táímìnì. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló kéré, kó da ṣíbí kékeré kan ọ́ìlì sínú rẹ̀, kó tún un wọ̀n: tó bá gòkè, ríìngì písítìnì ni, tí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gáskẹ́ẹ̀tì ni.

Leak-down test: wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà nígbà tí fáàfù méjèèjì wà ní pípadé, wọ́n á wo ìdá tó ń jò. Tí kò bá tó 10 nínú 100, ó dáa. Tó bá kọjá 20, wàhálà wà. Ìdùnnú àyẹ̀wò yìí ni pé etí lásán máa sọ ibi tó ń jò: tí afẹ́fẹ́ bá ń dún ní sàlẹ́ńsà, fáàfù èéfín ni, ní ọ̀nà afẹ́fẹ́, fáàfù àgbàwọlé ni, ní ihò ọ́ìlì, ríìngì ni, bí omi rédíétọ̀ bá ń hó, gáskẹ́ẹ̀tì tàbí tọ́ọ̀pù tó sán ni.

Fún ti omi, wọ́n á lo oògùn aláwọ̀ búlúù tó máa ń di ìyeyè bí èéfín ẹ́ńjìnnì bá wà nínú rédíétọ̀. Fún ti ọ́ìlì, géèjì gidi ni kí wọ́n so mọ́ ibi sẹ́ńsọ̀, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé iná dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi ń ṣiṣẹ́ ni nǹkan bíi 10 psi fún ìyípo 1000 kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ ti olùṣe ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Kó tún fa ọ́ìlì bíi 100 mìlílítà láti ojú géèjì sínú ìgò mímọ́ méjì. Ẹ dí i pa, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ọ́ìlì. Òjé àti kọ́pà tó pọ̀ máa ń ti ara bẹ́ríńnì wá, sódíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù máa ń ti inú coolant wá.

Ìwé àyẹ̀wò tó máa wúlò gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tó wọ̀n, nọ́ńbà tí olùṣe ọkọ̀ fẹ́, àti gbólóhùn kan tó sọ ohun tó fà á. "Ẹ́ńjìnnì ò dáa" ò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

5. Ẹ fún wọn láyè láti tún un ṣe, nínú ìwé

Ní ọ̀pọ̀ ibi, adájọ́ á kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ fún wọn láyè. Máníjà iṣẹ́ àtúnṣe ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń gbàlejò lórí káńtà. Bí kò bá dáhùn, ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Ẹ má pariwo, ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé lẹ́tà kalẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí. Ó lè rí báyìí:

"Ní ọjọ́ …, mo gbé ọkọ̀ mi, nọ́ńbà ṣáàsì …, wá sọ́dọ̀ yín nígbà tó ti rin kìlómítà …. Ẹ pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà, mo sì san owó … lórí risíìtì nọ́ńbà …. Lẹ́yìn kìlómítà …, ó gbóná kọjá ààlà, mo sì pa á lójú ẹsẹ̀. Mẹkáníìkì tí kò bá yín ṣiṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ …. Ìwé rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mò ń béèrè pé kí ẹ tún un ṣe láìgba owó, pẹ̀lú àyẹ̀wò títẹ́ tọ́ọ̀pù àti bóòtì tuntun, kí ẹ sì san owó ọkọ̀ agbọ́kọ̀ padà. Tàbí kí ẹ dá owó mi padà kí n lè gbé e lọ síbòmíràn. Mò ń retí ìdáhùn yín nínú ìwé láàárín ọjọ́ 14. Ọkọ̀ náà wà ní …, ẹ lè wá yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú mi."

Wọ́n lè ní kí ẹ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ̀yin sì san owó títú. Ẹ gbà kí wọ́n tú u, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé náà pé bó bá jẹ́ iṣẹ́ wọn ló fà á, àwọn ló máa san án. Pé ẹ̀yin tàbí mẹkáníìkì yín máa wà níbẹ̀. Pé wọn ò ní ju ẹ̀yà ara kankan nù. Tí wọ́n bá ní wáráńtì olùṣe ọkọ̀ ò kó o, ẹ ṣàlàyé fún wọn pé wáráńtì yẹn wà fún ohun tó ti bàjẹ́ láti ilé-iṣẹ́ olùṣe. Iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ṣe, ọrùn tiwọn ló wà. Tí wọ́n bá ní ọkọ̀ ti gbó, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé nígbà tí wọ́n gbà á.

Bí wọ́n bá ní àwọn máa fún yín ní ẹ́ńjìnnì míì, ẹ béèrè bóyá tuntun ni, èyí tí wọ́n tún kọ́ ni, àbí èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ míì, kìlómítà tó ti rìn, àti iye oṣù tí wáráńtì rẹ̀ máa gbà.

6. Bí wọ́n bá kọ̀

Ẹ kọ lẹ́tà sí olùṣe ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ sábà máa ń jẹ́ òwò ọ̀tọ̀ tó gba àṣẹ lábẹ́ wọn, wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹjọ́ pọ̀ níbi tí àṣẹ ti wá. Bí ẹ bá fi káàdì sanwó, ẹ bi báńkì yín lójú ẹsẹ̀ bóyá ẹ lè gba owó yẹn padà, torí àsìkò tí wọ́n ń fún èèyàn kì í pọ̀. Ẹ tún béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, àti ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré, níbi tí ẹ ti lè rojọ́ láìní agbẹjọ́rò. Tí owó ẹ́ńjìnnì bá ju ààlà ilé-ẹjọ́ yẹn lọ, ẹ wá agbẹjọ́rò.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé-iṣẹ́ tó tún ọkọ̀ ṣe lẹ́tọ̀ọ́ láti di ọkọ̀ mú bí owó iṣẹ́ bá ṣì wà nílẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ san án kí ẹ tó rí ọkọ̀ gbà, ẹ kọ ọ́ sórí risíìtì pé ẹ san án láìfara mọ́ ọn. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan tó ní ọ̀rọ̀ ti parí kí ọkọ̀ tó rìn dáadáa. Tí wọ́n bá ní dandan ni, ẹ gbé e délé kí ẹ kà á.

7. Ọjọ́ tí ẹ máa gbà á padà

Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó dé, kí ẹ lè gbọ́ bó ṣe ń dún nígbà àkọ́kọ́. Ẹ wo géèjì ọ́ìlì àti omi kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ wà á tó bíi 30 kìlómítà, pẹ̀lú mẹkáníìkì wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ní ọ̀nà tó lè sáré àti ibi tó ń gòkè. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan títí fáànù rédíétọ̀ máa fi tan tó sì máa kú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ sì tún síkáànù rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀yà ara àtijọ́, àyàfi èyí tó gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ olùṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa wo ọ́ìlì àti omi ní àràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá tún ẹ́ńjìnnì kọ́ láti ìsàlẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ìlànà ẹni tó kọ́ ọ lórí ìgbà tí ẹ máa kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, tó sábà máa ń jẹ́ láàárín 500 sí 1000 kìlómítà, kí ẹ sì gé fílítà yẹn ṣí láti wo bóyá irin ń dán nínú ìwé rẹ̀.